Edward Wilmot Blyden, Aṣojú Láìbéríà

Bí a bá ń ka àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè wọn láàrin àwọn ìjọba Òyìnbó, a kò gbọdọ̀ fo orúkọ Edward Wilmot Blyden.

Ọjọ́ kẹta oṣù August, 1832, ni a bí i ní erékùṣù St. Thomas, tí ó wà lábẹ́ àkóso Dẹ́ńmákì nígbà náà. Ní 1850 ó rékọjá sí Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kò jókòó sunkún. Ó wọ ọkọ̀ òkun, ó sì gúnlẹ̀ sí Láìbéríà ní 1851. Níbẹ̀ ni ó ti di olùkọ́, àlùfáà, àti ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì àti Látìn. Ní 1866 ó lọ sí Íjíbítì àti Síríà kí ìmọ̀ rẹ̀ nínú èdè Lárúbáwá lè jinlẹ̀.

Ní 1877 ni Láìbéríà fi í ṣe aṣojú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Láìbéríà kò ní ogun tàbí owó tí ó lè fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ìjà ààlà sì wà láàrin rẹ̀ àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà Sàró. Ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ohun ìjà Blyden. A tún rán an lọ ní 1892. Ní 1905, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣojú Láìbéríà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì. Kí a má purọ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣì bù nínú ilẹ̀ Láìbéríà. Ṣùgbọ́n Láìbéríà kò di ẹrú ẹnikẹ́ni.

Èkó pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1891 ó sọ níbẹ̀ pé ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà máa ṣàkóso ìjọ tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, a ti dá United Native African Church sílẹ̀. Ní 1896 ó padà wá ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣaápọn fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí.

Blyden ní àṣìṣe tirẹ̀: ó gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ó kú ní Freetown ní ọjọ́ keje oṣù February, 1912.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ilẹ̀kùn kan tí a tì mọ́ ọmọ yìí ní Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ di ẹni tí a ṣí ilẹ̀kùn ààfin fún. Kí àwa olùkọ́ má ṣàì sọ èyí fún àwọn ọmọ wa.