Teslim Balógun: Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Padà Di Akẹ́kọ̀ọ́

Bí a bá dárúkọ Teslim Balógun láàárín àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìtàn bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ní ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ rántí. Thunder ni ìnagijẹ rẹ̀, èyí tí í ṣe Àrá, nítorí agbára tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. A ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa fa àwọ̀n ya, àti pé àwọn amúlé kan a máa yà fún un. A kò ní búra sí gbogbo rẹ̀, nítorí ẹnu olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù a máa fẹ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni a fẹ́ sọ nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí. Apá kan wà nínú ayé ọkùnrin náà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà, ó sì kan àwa ará Àpẹ́tẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ títọ́ ọmọ.

Ní Èkó ni a bí i. Ní ìgbà èwe rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun ní Nàìjíríà. Àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n gbá, wọn a fún un ní iṣẹ́ kí ó lè gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Teslim ṣe gbá bọ́ọ̀lù fún Marine, fún Railway, fún Pan Bank àti fún SCOA. Ó tilẹ̀ dé Jos pẹ̀lú. Òun ni a kọ́kọ́ gbọ́ pé ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 ní orúkọ Gómìnà. Pan Bank ni ó ń gbá fún nígbà náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa láti Èkó, ó di Liverpool. Teslim wà lára wọn. Balógun ikọ̀ náà ni Etim Henshaw. Ti Teslim, orúkọ lásán ni tirẹ̀. Jack Finch, ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham rí, ni olùkọ́ wọn. Ohun tí ó ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò wọ bàtà. Wọ́n kàn fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì jáde sí pápá. Nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n na Marine ti Crosby ní 5 sí 2, ariwo sì ta. Lẹ́yìn èyí, nǹkan le. Eré 9 ni wọ́n gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 5. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí 0 ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Eré yìí ni a kà sí eré àkọ́kọ́ láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn.

Láti ìrìnàjò yẹn ni ojú àwọn kan ti là sí òkèèrè. Titus Okere, tí wọ́n jọ lọ, bọ́ sí Swindon Town ní ọdún 1953. Teslim lọ sí Peterborough United ní ọdún 1955, nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò tíì wọ inú Líìgì ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1956, ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Eré Líìgì 13 péré ni ó gbá fún wọn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù 3 wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Eré mẹ́tàlá kò pọ̀ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti gba ilẹ̀ wa kan. A mọ̀ pé òde òní, àwọn òbí wà tí wọ́n ń ta ilẹ̀, tí wọ́n ń kó owó fún ẹni tí ó bá sáà ti sọ pé òun yóò mú ọmọ wọn dé Yúróòpù lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí irú òbí bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àrá pàápàá dé ọ̀hún, kò sì sán tó bí ó ti ń sán nílé. Síbẹ̀, Teslim kò pa òfo. Níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti máa banú jẹ́, ó jókòó, ó tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ó gba ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ní bọ́ọ̀lù títí ó fi yege, a sì kọ ọ́ sínú ìtàn pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Àwa olùkọ́ ni a mọ bí èyí ti ṣòro tó. Ẹni tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀bùn mọ́ kì í sábà lè fi han ẹlòmíràn, nítorí òun náà kò mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè bí òun yóò ti ṣe é, kò ní ju kí ó ní kí ọmọ wo òun lọ. Bí ọmọ kò bá sì lè ṣe bí ó ti wò, ó di ìbínú. Ẹni tí ó kọ́ ìkọ́ni ni yóò tú iṣẹ́ náà palẹ̀: bí a ti ń fi ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù kí ó tó fò lọ, bí a ti ń gbé ara sórí rẹ̀ kí a tó gbá a, ibi tí ó yẹ kí ojú wà, àti ibi tí ó yẹ kí ènìyàn dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fún Teslim láti kúrò nínú ìyìn èrò ìwòran, kí ó sì lọ kọ́ irú nǹkan báyìí bí ọmọ iléèwé, lójú tiwa, ó tóbi ju gbogbo àwọ̀n tí wọ́n ní ó fà ya.

Ẹ̀kọ́ náà kò ṣòfò. Nígbà tí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kọ́kọ́ dé Ìdíje Olíńpíìkì, ní Mẹ́síkò ní ọdún 1968, Teslim wà lára àwọn tí ó kọ́ ikọ̀ náà. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ nílé. Japan fi 3 sí 1 nà wọ́n, Spain fi 3 sí 0 nà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ta ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Brazil. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyà tí Japan fi jẹ wọ́n, kí ó rántí pé Japan náà ni ó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1972, Teslim Balógun jáde láyé. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè ní orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1984, a kò sì ṣí i títí di ọdún 2007. Nítòsí rẹ̀, nínú ọgbà Pápá Ìṣeré Àpapọ̀, ni iléèwé ìjọba wà tí a ti ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá níṣẹ́, èyí tí à ń pè ní National Institute for Sports.

Ní Àpẹ́tẹ̀ níbí, ilé ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù sì ń dínkù. Lórí èyí tí ó kù, a ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù rí, tí wọ́n ń fi fèrè àti ariwo kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí wọ́n ń fi àkókò wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn náà bí a ti ń kọ́ni. Nítorí náà, a ti kọ àbá kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ọdún tí ń bọ̀ láti fi rán ọ̀kan nínú wọn lọ sí Sùúrùlérè, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò padà wá kọ́ tọkùnrin tobìnrin fún ọdún méjì. Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò pinnu rẹ̀.