Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ẹsẹ Bíbélì Ọjọ́ Kan

Ní abala Yorùbá wa ní ìgbà yìí, ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé òun ti gbọ́ ọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ẹrú tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, òun ni ó túmọ̀ Bíbélì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nínú ayé bàbá yìí tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta. Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe mú gègé. Kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Gbogbo wa mọ ọmọ tí wọ́n ń sọ ní Àjàyí, èyí tí ó dojú bolẹ̀ wá sáyé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nínú ilé nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí Àjàyí fojú kan bàbá rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá ni ó gbọ́ pé ó kú sójú ogun mìíràn. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ tí ń jẹ́ Afala, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́wàá lọ. Wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn bí ẹran, ó di Ìsẹ́yìn.

Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ìkógun. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olóyè tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọjà padà, ọmọ padà, ẹṣin padà. Ìyẹn jẹ́ kí ó tún rí ìyá rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó wá tà á pátápátá. Láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Ìbẹ̀rù pé wọ́n máa tà á fún àwọn òyìnbó Potogí mú kí ọmọ ọdún bíi 12 yìí gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, kò fi pamọ́, ó sì bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì. (Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ń bá ẹnikẹ́ni nínú wa jà ní họ́sítẹ́lì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a gbé. Ẹ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lónìí.)

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú yòókù, gbogbo wọn jẹ́ 187, sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí kan ní Èkó. Esperança Feliz ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrètí aláyọ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ìrètí! Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ náà gbéra tí àwọn ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi mú un. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà kò kúkú mọ̀ pé ìgbàlà ni. Nígbà tí Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé inú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́, wọ́n rò pé ẹran èèyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá ńlá nílẹ̀, wọ́n rò pé orí èèyàn ni. Ó di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Sàró.

Ohun tí ó ṣe ní Sàró, ọ̀pọ̀ ni a ti kọ́ wa. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, ó sì fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ẹrú kan náà. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó rin ìrìnàjò odò Ọya, ó dé ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja níbí, níbi tí àwa ti ń lọ ya fọ́tò ní ọjọ́ tí a bá parí ìdánwò. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó náà. Ní 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé Sàró, ó ṣe ìsìn ní Yorùbá ní oṣù Kíní ọdún 1844, àwọn tí wọ́n wá gbọ́ sì ń dáhùn bí a ti ń dáhùn àdúrà nílé, pé kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kíní ọdún 1845. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí ó jẹ́ olórí Ẹ̀gbá kú, ọ̀nà dí, ó sì lé ní ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n fi jókòó dúró. Oṣù Kẹjọ 1846 ni wọ́n tó wọ ìlú.

Àjàyí ní kàlẹ́ńdà àwọn Kristẹni kan tí ó ní ẹsẹ Bíbélì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ẹsẹ tí ó bọ́ sí ni Orin Dáfídì orí 10, ẹsẹ 14, ní apá ìparí, níbi tí onísáàmù ti ń pe Ọlọ́run ní ẹni tí ó ń dúró ti ọmọ tí kò ní bàbá. Ọjọ́ náà gan-an ni obìnrin àgbàlagbà kan dé, arákùnrin Àjàyí kan ni ó mú un wá. Afala ni. Ìtòsí Abẹ́òkúta ni ó ti ń gbé, wọ́n ti tún mú un lẹ́rú lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, wọ́n ti rà á padà, ó ti rí màbo. Ọdún 25 ti kọjá. Ìyá ń gbọ̀n, kò gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ẹnu kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn, omi ń dà lójú wọn. Nígbà tí ohùn ìyá jáde, orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà máa ń fi pe Àjàyí ní kékeré ni ó ń pè é. Ìyá àgbà náà ti kú sínú oko ẹrú.

Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun kò tíì mọ agbára ẹsẹ náà rí bí òun ti mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà yìí kàn wá. Pàápàá nígbà tí ìwé ìpè NYSC bá fẹ́ jáde, tàbí tí ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà bá délẹ̀, a óò dijú, a óò ṣí Bíbélì gbàràgà, a óò fi ìka tọ ibi tí ó bá ṣí sí, a óò ní Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Bí ìka bá bọ́ sórí ìtàn ìran àwọn ọmọ Léfì, a óò tún un ṣí! Èmi kò ní kí Ọlọ́run má sọ̀rọ̀ bí ó bá ti wù ú. Ṣùgbọ́n ti Àjàyí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò wá ẹsẹ kankan nítorí ìyá rẹ̀. Ẹsẹ tí ó kan ọjọ́ náà ni, kò sì pàṣẹ fún un pé kó lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ó rí ẹni tí ó ti ń tọ́ òun láti ọjọ́ tí bàbá òun ti padà sójú ìjà. Bí kì í bá ṣe pé ó ti ń ka Bíbélì lójoojúmọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, lójoojúmọ́ tí kò sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, mo rò pé ẹsẹ náà ì bá kọjá lójú rẹ̀ bí ẹsẹ tàná.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa ọjọ́ náà. Ẹsẹ tí ó tu Àjàyí nínú, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kà á. Afala kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì sí Bíbélì Yorùbá láyé nígbà náà. Ìtumọ̀ ìwé Róòmù di 1850 kí ó tó jáde. Nítorí náà, bí ìyá yóò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó mú omi bọ́ lójú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ni yóò wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá a mu. Ní tèmi o, mi ò lè ronú nípa Bíbélì Yorùbá mọ́ kí n má rí àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n jókòó sí.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nítorí ohun tí ojú mi rí ni. Ọdún tí mo wọ ilé ìwé yìí ni bàbá mi kú. Ìyá mi wà nílé, ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ kò sí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí mo bá pè é lálẹ́, ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu àwa méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ka Bíbélì nínú ìdàpọ̀ wa, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí ti Yorùbá lórí fóònù, mo ka Sáàmù kẹwàá yìí fún màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó. Ìbéèrè ni, onísáàmù ń bi Ọlọ́run ìdí tó fi dúró lókèèrè. Màmá dákẹ́. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Ibi ìbéèrè ni ó ní kí n tún kà, kì í ṣe ibi ẹsẹ 14. Láti ọjọ́ náà, a kì í sùn kí a má ka orí kan.

Àjàyí kò yára túmọ̀. Ó ń jókòó ti àwọn àgbàlagbà, títí kan àwọn tí wọ́n ń bọ òrìṣà, ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀, ó ń kọ òwe sílẹ̀. Ní 1851 tí ó lọ sí Ìlú Òyìnbó, ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá sétí Ọbabìnrin Victoria. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sì jóná. Ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti kú nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀ yóò mọ díẹ̀ nínú ohun tí mò ń sọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn bí àlùfáà Thomas King sì ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é.

Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ ẹ́. Odò Ọya ni wọ́n fún un: Oníṣà, agbègbè Delta, Gbẹ́bẹ́ tó wà lódìkejì omi sí wa níbí, àti Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀. Ìparí rẹ̀ kò rọrùn. Ní 1890, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin míṣọ́nnárì láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó nínú ìpàdé ní Oníṣà, wọ́n ń da àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Inú ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá kà á. Òun kò fi ìjọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí àwọn ìjọ Delta yóò ṣe máa bọ́ ara wọn ni ó ń bá kiri títí ó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Afala ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848 ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní Abẹ́òkúta, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Ó kú ní 1883, ó ku ọdún kan kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Ṣùgbọ́n ìwé Sáàmù ti wà ní èdè rẹ̀ tipẹ́ kí ó tó kú.