Harry Weslake, ọkùnrin tó ń fi afẹ́fẹ́ wọn top cylinder

Tí mẹkáníìkì bá ní top gasket ọkọ̀ yín ti jó, tó sì tú top cylinder sílẹ̀, ẹ wo àwọn ihò ara rẹ̀ dáadáa. Ihò yẹn ni Harry Weslake tẹjú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1897. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe mítà gáàsì ni bàbá rẹ̀ wà, ó sì tètè mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tójú ò rí. Kábúrétọ̀ alùpùpù tó pè ní Wex ló kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà ò le rárá o. Énjìnì máa ń mí bíi tèèyàn. Bẹ́ẹ bá di imú ẹni tó ń sáré, kò lè jìnnà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n sáà gbẹ́ ihò náà kó fẹ̀. Weslake ní tiẹ̀ gbé top cylinder sórí ẹ̀rọ, ó fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, ó wọn iye tó kọjá lára valve, ó yí ìrísí ihò náà padà díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó rí i pé ihò tó fẹ̀ jù lè ba nǹkan jẹ́: afẹ́fẹ́ á máa falẹ̀, epo ò sì ní pò mọ́ ọn dáadáa. Bí ihò náà ṣe tẹ̀ ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dán lọ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń san owó kí wọ́n fi sandpaper dán an bíi dígí, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́.)

W.O. Bentley gbé iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ William Lyons ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ SS tí Lyons ń ṣe rẹwà gan-an, àmọ́ agbára ò sí níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Énjìnì Standard tó ń lò ò tó 80 agbára ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà ni valve rẹ̀ wà. Weslake ṣe top cylinder tuntun, ó kó valve lọ sókè, énjìnì náà sì kọjá 100. Ní September 1935, Lyons pe àwọn tó ń bá a ta ọkọ̀ síbi àsè ní hótẹ́ẹ̀lì Mayfair ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí wọ́n fojú díwọ̀n iye tí ọkọ̀ náà máa jẹ́. Tí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, £632 ló jẹ́. £385 ni Lyons fẹ́ tà á. Báyìí ni orúkọ Jaguar ṣe bẹ̀rẹ̀.

Top cylinder énjìnì XK ti 1948 náà, ọwọ́ Weslake wà níbẹ̀, òun ni Jaguar sì fi gba Le Mans lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín 1951 sí 1957. Mini àti Morris Minor táwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa náà jàǹfààní iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1967, Dan Gurney fi énjìnì Weslake V12 gba ìdíje Formula One ní Spa, ní Belgium.

Weslake kú lọ́dún 1978. Ọdún 1992 ni wọ́n tó ṣíwọ́ ṣíṣe énjìnì XK.