Iṣẹ́ Ọwọ́ Fadá Tansi

Ọ̀dọ́ tí ń ṣe alárù ní Gáréèjì Ìkòròdú lè máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìpín òun nìyí. Kí ó rántí Alábùkún Cyprian Tansi, ọmọ Aguleri.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Inú ẹbí rẹ̀ kò dùn nígbà tí ó fi owó oṣù sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àlùfáà ní ọdún 1925. Ó di àlùfáà ní 1937. Ní 1950 ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nílé àwọn mọ́ńkì ní Leicestershire, láìmọ̀ bóyá wọn yóò gbà á. Ó ń tọ́jú yàrá oúnjẹ, ó sì ń di ojú ìwé pọ̀. Ó kú ní 1964. Ní 1998 Póòpù John Paul Kejì kà á mọ́ àwọn Alábùkún.

Iṣẹ́ òtítọ́ kò kéré lójú Ọlọ́run. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń bẹ alárù níṣẹ́, ẹ san owó rẹ̀ pé.