Ludwik Lejzer Zamenhof

Ludwik Lejzer Zamenhof (15 Oṣù Kejìlá 1859 – 14 Oṣù Kẹrin 1917) jẹ́ oníṣègùn ojú, ọmọ Júù, tí ó ṣẹ̀dá èdè Esperanto. Ìlú Białystok ni wọ́n bí i sí, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà, ṣùgbọ́n tí ó ti di ara Pólàndì. Ìjà ẹ̀yà tí ó ń rí níbẹ̀ láti kékeré ni ó mú un wá èdè tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan.

Ní ọdún 1887, ó tẹ ìwé àkọ́kọ́ lórí èdè náà jáde ní Warsaw. Ìró kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀: fáwẹ̀lì 5 àti kọ́ńsónáǹtì 23. Sílébù tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn ni a máa ń tẹnu mọ́. Kí lẹ́tà má bàa tán, Zamenhof fi àmì sórí mẹ́fà: ĉ, ĝ, ĥ, ĵ, ŝ àti ŭ. Àwọn àmì wọ̀nyí ni ó dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kò ní wọn. Ní 1894, òun fúnra rẹ̀ dábàá pé kí a yọ wọ́n kúrò, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe mìíràn. Àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn La Esperantisto dìbò, wọ́n sì kọ̀. Ó gbà fún wọn, ìwà tí ó ṣọ̀wọ́n lára ẹni tí ó ṣẹ̀dá èdè. Ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́, ní Boulogne-sur-Mer ní ilẹ̀ Faransé ní 1905, fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ìpìlẹ̀ èdè náà padà.

Warsaw ni Zamenhof kú sí. Àwọn Nazi pa àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Adam, Zofia àti Lidia.