Ohene Djan: Ọkùnrin tó gbé bọ́ọ̀lù Ghana ga, tó bá Nkrumah ṣubú

Kwame Nkrumah ló fi eré ìdárayá Ghana lé Ohene Djan lọ́wọ́. Black Stars gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1963 àti 1965. Àmọ́ àwọn kan fara gbá a: Djan ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ nínú ẹgbẹ́ wọn láti fi dá Real Republikans sílẹ̀. Baba Yara ti Kotoko, ìlú Kumasi, wà lára wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bantama, ṣé ìyẹn lè dùn mọ́ wọn níbẹ̀?

Djan wà lára àwọn tó léwájú nígbà tí Áfíríkà kọ World Cup 1966, torí FIFA ò fún wọn ní àyè tiwọn. Àwọn ológun gbàjọba lóṣù Kejì ọdún yẹn, ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Áfíríkà rí àyè ọ̀hún gbà ní 1970.

Ó kú ní 1987. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré Accra, wọ́n tún yọ ọ́. Ti Kumasi, Baba Yara ló ń jẹ́.