Lewis Latimer: Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Fi Ìmọ̀ Pamọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọdé ní kíláàsì, ṣùgbọ́n n kò tíì ka ìtàn ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ túmọ̀ òwe náà bí ti Lewis Howard Latimer, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láìsí ẹni tí ó rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kankan. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, nítorí pé ó kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ju bí a ti lè rò lọ, orílẹ̀-èdè yòówù kí a ti wá.

Inú oko ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1842, George Latimer àti Rebecca aya rẹ̀ sá kúrò ní Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia, wọ́n sì forí lé ìlú Boston ní ìhà àríwá. Kò pẹ́ tí ọkùnrin tí ó ní George lẹ́rú fi tọ ipa rẹ̀ dé ibẹ̀, tí ó sì mú kí a jù ú sẹ́wọ̀n. Ariwo ta. Àwọn tí wọ́n kórìíra ìmúnisìn, àti dúdú àti funfun, pe ìpàdé, wọ́n kọ̀wé, títí a fi san 400 dọ́là láti ra òmìnira rẹ̀. Bí kò bá sí ìsowọ́pọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni, ìtàn tí mo ń sọ yìí ì bá má wáyé.

Ọjọ́ 4 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 1848 ni a bí Lewis ní ìlú Chelsea, nítòsí Boston. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, baba rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, ìyà sì jẹ ìyá àti àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ kò lọ jìnnà. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jà, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ogun náà parí ní 1865, ó sì padà sí Boston láti wá iṣẹ́.

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó rí, ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tí à ń pè ní Crosby àti Gould. Dọ́là 3 ni owó rẹ̀ lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ àwọn lọ́yà wọ̀nyí ni láti bá àwọn tí wọ́n hùmọ̀ ohun titun gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹlòmíràn má baà sọ iṣẹ́ ọpọlọ wọn di tirẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe láìsí àwòrán ẹ̀rọ náà, tí a yà tí gbogbo oríkèé rẹ̀ hàn kedere. Lewis a máa wo ọwọ́ ayàwòrán ọ́fíìsì náà. Ó béèrè irú ìwé àti irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, ó tu owó jọ, ó ra irinṣẹ́ àlòkù, ó sì ń dá ara rẹ̀ kọ́. Nígbà tí ó yá, ó bẹ ayàwòrán náà pé kí ó jẹ́ kí òun ya ọ̀kan. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ohun tí ọmọ náà yà, ẹ̀rín tán. Ní nǹkan bí 1872, Lewis ti di olórí àwọn ayàwòrán, ó sì ń gba 20 dọ́là lọ́sẹ̀.

Ní 1876, Alexander Graham Bell, tí í ṣe olùkọ́ àwọn adití ní Boston, fẹ́ gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí yóò máa gbé ohùn ènìyàn gba inú wáyà. Nítorí pé Bell a máa kọ́ni di alẹ́, Latimer a máa dúró dè é ní ọ́fíìsì títí aago mẹ́sàn-án yóò fi kọjá, kí ó lè gbọ́ àlàyé lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì ya àwòrán náà bí ó ti yẹ. Ọjọ́ 14 oṣù Fẹ́búárì ni a mú ìwé náà dé iwájú ìjọba. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Elisha Gray mú tirẹ̀ wá lórí irú ẹ̀rọ kan náà! Ní ọjọ́ 7 oṣù Máàṣì, àṣẹ bọ́ sí ọwọ́ Bell. Bí a bá fi iṣẹ́ náà falẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ péré, bóyá orúkọ mìíràn ni ayé ì bá máa dá nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ tẹlifóònù.

Ní 1880, Hiram Maxim gba Latimer sí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná. Edison ti fi gílóòbù tirẹ̀ han ayé ní ọdún tí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n ìṣòro ńlá kù lára fọ́nrán tín-ín-rín tí ń tàn nínú rẹ̀. Bí a bá fi fọ́nrán sínú ooru láti sun ún di èédú, a máa ká kò, a sì máa ṣẹ́. Latimer fi àpò páálí wé e kí a tó sun ún, nítorí pé páálí àti fọ́nrán jọ ń sún kì ní ìwọ̀n kan náà nínú ooru, tí ọ̀kan kò fi ní ba èkejì jẹ́. Ní oṣù Jánúárì 1882 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí. Ṣáájú èyí, ní 1881, òun àti Joseph Nichols ti jọ gba ọ̀kan lórí gílóòbù.

Ilé-iṣẹ́ náà rán an lọ fa iná mànàmáná sí New York, sí Philadelphia àti sí Montreal ní Kánádà. Ní Montreal, èdè Faransé ni àwọn òṣìṣẹ́ tí a fi sábẹ́ rẹ̀ ń sọ. Kò bínú sí wọn, kò sì pè wọ́n ní òpè. Ṣe ni ó ń kọ́ èdè Faransé ní alaalẹ́, kí ó lè fi èdè wọn ṣàlàyé iṣẹ́ fún wọn. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, àwa tí a ń gbé ibùgbé kan náà, tí ẹlòmíràn nínú wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹlòmíràn gbọ́ Faransé, tí kálukú sì ní èdè ìyá rẹ̀. Olùkọ́ ni ó lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà; kò jókòó kí akẹ́kọ̀ọ́ wá bá òun.

Ní 1884 ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ Edison, níbi tí ó ti ya àwòrán, tí ó sì jẹ́rìí níwájú adájọ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń bá ilé-iṣẹ́ náà du ẹ̀tọ́. Ní 1890 ó kọ ìwé kan tí ó ṣàlàyé bí iná Edison ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1906, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti lókìkí, ó ń kọ́ àwọn àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Amẹ́ríkà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti yíya àwòrán ẹ̀rọ, ní ilé Henry Street Settlement ní New York. Nígbà tí àwọn tí wọ́n ti bá Edison ṣiṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1918, òun nìkan ṣoṣo ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Dìsẹ́ńbà 1928, ní ẹni 80 ọdún.

Àwọn kan, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i, a máa sọ pé òun ni ó dá gílóòbù iná tàbí tẹlifóònù. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí fún un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nínú àgbájọ ọwọ́ náà, ọwọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì hàn. Èyí tí mo rí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ìmọ̀ tí ó fi ojú wá, tí ó fi ẹnu béèrè, tí ó sì fi owó kékeré rà, kò tì í mọ́ inú àpótí. Ó yà á fún Bell, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi Faransé sọ ọ́, ó sì fi kọ́ àlejò. Ẹ jẹ́ kí àwa náà, nígbà tí a bá dé kíláàsì tiwa, rántí pé ọmọ tí ń yọjú wo iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá lè jẹ́ Latimer mìíràn. Bí ó bá béèrè, kí a má fi í rẹ́rìn-ín.